Ìki àpòpọ̀ olómi àti fífi omi là á

Ìki àpòpọ̀ olómi ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohun tí a yọ́ sínú omi, tàbí sínú ohun olómi mìíràn, ti pọ̀ tó nínú ìwọ̀n àyè tí àpòpọ̀ náà gbà. Fífi omi là ni iṣẹ́ tí ó ń dín ìki náà kù: a bu omi kún àpòpọ̀, omi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀ kò dín, kò sì lé. Gbólóhùn kejì yìí ni gbogbo ìṣirò inú ẹ̀kọ́ náà rọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dì í mú kò nílò láti há ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin sórí. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ lè ṣi ìṣirò ṣe nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, ó sì lè ṣi oògùn pò fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, èyí tí ó burú ju ìdánwò lọ.

== Ohun tí ó yọ́ àti ohun tí kò yọ́ ==

Bí a bá da iyọ̀ sínú omi tí a sì rò ó, iyọ̀ náà yóò pòórá. Kò sí ibi tí ó lọ. Ó ti túká di àwọn ẹyọ wínníwínní tí ojú kò lè rí, ó sì tàn ká inú omi náà débi pé ẹ̀kán kan láti òkè àti ẹ̀kán kan láti ìsàlẹ̀ kò ní yàtọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó bá tọ́ wọn wò. Irú èyí ni à ń pè ní àpòpọ̀ olómi nínú àyọkà yìí. Iyọ̀ ni ohun yíyọ́. Omi ni ó yọ́ ọ.

Ògì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá po ògì tútù mọ́ omi, yóò funfun, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti yọ́, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ògì yóò ti rì sí ìsàlẹ̀, omidùn yóò sì tòrò sókè. Ẹni tí ó bu ti òkè àti ẹni tí ó bu ti ìsàlẹ̀ kò bu ohun kan náà. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ògì inú ìkòkò náà ní ìki kan ṣoṣo, àfi ní ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó tán.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó bá ẹ̀kọ́ yìí mu, èyíinì ni ''ki'' àti ''ṣàn''. Ẹ̀kọ mímu lè ki, ọbẹ̀ sì lè ṣàn. Ojú àti ṣíbí ni a fi ń mọ èyí nílé ìdáná. Ìki inú sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí ojú lè rí nígbà gbogbo, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Omi òkun ní iyọ̀ tó bíi 35 gíráàmù nínú kìlógíráàmù kan, síbẹ̀ ó ń ṣàn bí omi odò. Ọbẹ̀ ilá ń fà yọ̀ọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó yọ́ jáde lára ilá tí ó mú un fà kò tó nǹkan. Ohun tí ó jọ ìki ti sáyẹ́ǹsì jù lọ ni ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń bá ẹlẹ́mu rò pé ó bu omi lu ẹmu. Oníbàárà náà kò sọ pé ẹlẹ́mu yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹmu. Ohun tí ó ń sọ ni pé ife kan kò ní ohun tí ó yẹ kí ife kan ní nínú mọ́.

== Bí a ṣe ń wọn ìki ==

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a sọ iye gíráàmù ohun yíyọ́ tí ó wà nínú lítà àpòpọ̀ kan. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ilé ìwòsàn ní gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. Bí a bá pò ó sínú ìdajì lítà, gíráàmù 4.5 ni a ó lò, ìki rẹ̀ yóò sì jẹ́ bákan náà: gíráàmù 9 nínú lítà kan. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá bu ife kan jáde nínú garawa omi iyọ̀, iyọ̀ tí ó wà nínú ife kéré gan-an sí èyí tí ó wà nínú garawa, ṣùgbọ́n ìki àwọn méjèèjì dọ́gba. Bíbù jáde kò yí ìki padà. Omi tí a bá bù kún un, tàbí ohun yíyọ́ tí a bá fi kún un, tàbí omi tí oòrùn bá fà gbẹ, ni ó ń yí i padà.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni pé lítà tí à ń wí yìí jẹ́ lítà ti àpòpọ̀, kì í ṣe lítà ti omi tí a fi pò ó. Bí a bá da gíráàmù 200 ṣúgà sínú omi tí ó pé lítà kan, àpòpọ̀ tí ó máa jáde yóò lé ní lítà 1.1, nítorí pé ṣúgà náà gba àyè. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é bí ó ti tọ́ yóò kọ́kọ́ yọ́ ṣúgà nínú omi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu omi kún un títí yóò fi dé àmì lítà kan. Ìdí nìyí tí ìgò tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ní yàrá ìdánwò fi ní ọrùn tín-ín-rín tí a fa ìlà kan ṣoṣo sí. Nínú ọrùn tóóró, ẹ̀kán omi kan péré tí ó bá lé yóò hàn kedere. Àwọn ohun olómi mìíràn tilẹ̀ máa ń súnkì bí wọ́n bá pàdé: cm³ 50 omi àti cm³ 50 ọtí líle ògidì kì í pé cm³ 100 bí a bá dà wọ́n pọ̀.

A tún máa ń fi ìpín nínú ọgọ́rùn-ún sọ ìki. Omi iyọ̀ ti ilé ìwòsàn yẹn ni a ń pè ní 0.9%, nítorí pé gíráàmù 0.9 ni ó wà nínú cm³ 100. Lára ìgò ọtí, ìwọ̀n àyè ni a fi wé ìwọ̀n àyè. Nínú ásíìdì tí a rà ní ìgò, ìwúwo ni a sábà máa ń fi wé ìwúwo. Ẹni tí ó bá rí àmì % gbọ́dọ̀ béèrè pé ti kí ni nínú kí ni. Fún àwọn ohun tí ó kéré jọjọ, bí irú èyí tí wọ́n ń wá nínú omi kànga, mìlígíráàmù nínú lítà ni wọ́n ń lò. Àpẹẹrẹ kan ni ti flọ́ráìdì, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà níyànjú pé kí ó má ju mìlígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi mímu kan.

=== Móòlù ===

Gíráàmù tó fún ẹni tí ń ta iyọ̀. Kò tó fún onímọ̀ kẹ́místrì, nítorí pé nígbà tí ohun méjì bá pàdé tí wọ́n sì di ohun tuntun, ẹyọ ni ó ń bá ẹyọ pàdé, kì í ṣe gíráàmù ni ó ń bá gíráàmù. Bí èèyàn kò ṣe ń ka hóró ìrẹsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ pé kóńgò ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́místrì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún ẹyọ. Móòlù ni òṣùwọ̀n náà. Móòlù kan ohunkóhun jẹ́ ẹyọ 6.02214076 × 10²³, iye yìí sì ni gbogbo àgbáyé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019.

Ẹyọ ohun kan lè wúwo ju ẹyọ òmíràn lọ, nítorí náà ìwúwo móòlù kan kò dọ́gba. Ti iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 58.5, ti sódà kọ́sítìkì (NaOH) jẹ́ 40, ti glúkóòsì sì jẹ́ 180. Bí a bá yọ́ gíráàmù 10 iyọ̀ sínú lítà kan, tí a sì yọ́ gíráàmù 10 glúkóòsì sínú lítà mìíràn, lójú ọlọ́jà wọ́n dọ́gba, ṣùgbọ́n ti iyọ̀ jẹ́ móòlù 0.171, ti glúkóòsì sì jẹ́ 0.056 péré. Iyọ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́ta jù ú lọ.

Nínú ìwé ìdánwò, mol/dm³ ni wọ́n máa ń kọ. Kí èyí má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: dm³ kan ni lítà kan, cm³ 1000 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ́ gíráàmù 2.65 sódíọ̀mù kábọ́nétì tí kò ní omi nínú (Na₂CO₃, tí móòlù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 106) tí a sì fi omi kún un dé cm³ 250, a ó fi 106 pín 2.65, yóò jẹ́ móòlù 0.025. A ó wá fi 0.25, tí í ṣe iye lítà, pín 0.025, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 0.10 mol/dm³. Ẹni tí ó bá fi 250 pín in dípò 0.25 yóò rí 0.0001. Nínú gbogbo àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ yìí, bóyá ni èyí kò fi ni ó wọ́pọ̀ jù.

== Fífi omi là ==

Níwọ̀n bí omi tí a bù kún àpòpọ̀ kò ti mú ohun yíyọ́ kankan wá, tí kò sì mú ọ̀kankan lọ, iye móòlù tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí a bá sì fi ìwọ̀n àyè sọ ìki di púpọ̀, iye móòlù ni a ó rí. Ibi tí ìlànà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ yìí ti wá nìyẹn:

: C₁V₁ = C₂V₂

C₁ àti V₁ ni ìki àti ìwọ̀n àyè kí a tó bu omi sí i. C₂ àti V₂ ni ti ẹ̀yìn tí a bù ú. Kí a sọ pé a ní cm³ 25 sódà kọ́sítìkì tí ìki rẹ̀ jẹ́ 2.0 mol/dm³, a sì fẹ́ kí ó di 0.10. Ogún ni 2.0 fi ìlọ́po ju 0.10 lọ, nítorí náà ìwọ̀n àyè náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po ogún, èyíinì ni cm³ 500. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ní, "Omi mélòó ni a ó bù kún un?", ìdáhùn kì í ṣe 500. Cm³ 25 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. 475 ni a ó bù kún un.

Àṣìṣe kan náà yìí máa ń ṣẹlẹ̀ níta ilé ìwé. Nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà ń jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 2014, omi kiloríìnì oríṣi méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lò: èyí tí ó jẹ́ 0.5% fún ilẹ̀, ibùsùn àti ohun èlò, àti èyí tí ó jẹ́ 0.05% fún fífọ ọwọ́. Ká ní blíìṣì tí ó wà lọ́wọ́ ẹni jẹ́ 3.5%. Bí a bá fi 0.5 pín 3.5, a ó rí 7. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wá bu ife blíìṣì kan sí ife omi méje. Méje yẹn ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀; ife omi mẹ́fà ni ó tọ́. Fún ti ọwọ́, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ife 70, omi yóò sì jẹ́ 69. Níbẹ̀, bí ènìyàn bá ṣìṣe bu 70, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ìki bá ṣe súnmọ́ ohun tí a ń wá tó ni àṣìṣe yìí ṣe ń pọ̀ tó. Kí a tún fi kún un pé a kì í da blíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde.

=== Ásíìdì kíki ===

Ásíìdì haidirokilórìkì tí ó ń ti ilé iṣẹ́ wá kì í ní ìki tí a lè lò tààrà. Ohun tí ó sábà máa ń wà lára ìgò rẹ̀ ni pé 36.5% ìwúwo rẹ̀ ni ásíìdì, cm³ kan rẹ̀ sì wúwo tó gíráàmù 1.18. Láti inú iye méjì yìí ni a ti lè mọ gbogbo ohun tí a fẹ́ mọ̀. Lítà kan yóò wúwo tó gíráàmù 1180, ìpín 36.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 431; móòlù kan HCl sì jẹ́ gíráàmù 36.5. Ìki rẹ̀ jẹ́ bíi 11.8 mol/dm³. Láti fi ṣe lítà kan tí ìki rẹ̀ jẹ́ 0.1, cm³ 8.5 péré ni olùkọ́ yóò fà jáde. Díẹ̀ tí ó jẹ́ yìí ni ó fi yẹ kí a fi pípẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n, kí a má fi ojú bù ú. A kì í sì í fi ẹnu fa ásíìdì sínú pípẹ́ẹ̀tì.

Ti ásíìdì súfúríìkì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó jẹ́ 98% ní ìki tó bíi 18.4 mol/dm³, bí ó bá sì ti pàdé omi, ooru ńlá ni ó ń jáde. Òfin tí a kò gbọdọ̀ rú ni pé ásíìdì ni a ń da sínú omi, díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń rò ó. A kì í da omi sínú ásíìdì. Ìdí rẹ̀ ni pé omi fúyẹ́ ju ásíìdì náà lọ. Bí a bá da omi lé e, omi náà yóò léfòó sí ojú rẹ̀, ooru yóò mú kí ó hó lójijì níbẹ̀, yóò sì ta ásíìdì sí ojú ẹni tí ó dúró tì í. Bí ó bá jẹ́ pé inú omi púpọ̀ ni ásíìdì ń wọ̀, yóò rì sínú rẹ̀, omi yóò sì gba ooru náà mọ́ra.

Níbí ni ó ti yẹ kí a ya ''kíki'' sọ́tọ̀ kúrò lára ''líle''. Ásíìdì líle ni èyí tí gbogbo ẹyọ rẹ̀ máa ń túká bí ó bá ti wọ omi, bíi haidirokilórìkì. Ásíìdì tí kò le ni èyí tí díẹ̀ nínú ẹyọ rẹ̀ ń túká, bíi ti inú fínígà. A lè fi omi la ásíìdì líle títí yóò fi ṣàn pátápátá. Ásíìdì líle náà ni yóò máa jẹ́. Ásíìdì fínígà ògidì, tí a kò bu omi kankan sí, kì í ṣe ásíìdì líle, síbẹ̀ yóò bó awọ ara. Líle jẹ́ ìwà ohun náà fúnra rẹ̀. Ìki jẹ́ ohun tí ọwọ́ wa lè yí padà.

=== Ibi tí ìki mọ àti ibi tí ìlà mọ ===

Ìki ní òkè tí kò lè kọjá. Ní ooru inú ilé, gíráàmù 100 omi kò lè yọ́ ju bíi gíráàmù 36 iyọ̀ lọ. Ohun tí ó bá lé yóò jókòó sí ìsàlẹ̀. Ti ṣúgà pọ̀ gan-an ju èyí lọ, ó tó bíi gíráàmù 200.

Ní ìsàlẹ̀ náà, ibì kan wà tí fífi omi là ń parí sí, nítorí pé ẹyọ ni ohun gbogbo. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann (1755–1843), dá ìṣègùn kan sílẹ̀ tí ó fi ń la oògùn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún léraléra. Lẹ́yìn ìgbà méjìlá, ìlọ́po rẹ̀ ti di 10²⁴, èyí tí ó ju iye ẹyọ tí ó wà nínú móòlù kan lọ. Bí ó bá jẹ́ móòlù kan ni a fi bẹ̀rẹ̀, a kò lè retí kí ẹyọ oògùn kan ṣoṣo ṣẹ́ kù nínú lítà tí ó kẹ́yìn. Wọ́n sì tún ń ta èyí tí a là ní ìgbà ọgbọ̀n.

== Ìki nínú ara ènìyàn ==

Ẹni tí ó bá ti rí ìgbín tí a da iyọ̀ sí lára ti rí agbára ìki. Omi máa ń la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara kọjá láti ibi tí ohun yíyọ́ kò ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti pọ̀, nítorí náà omi ara ìgbín jáde lọ bá iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ìfun ènìyàn àti nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ.

Sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá wà láàrin mìlímóòlù 135 àti 145 nínú lítà kan. Ààyè kékeré ni èyí, kíndìnrín sì ni ó ń ṣọ́ ọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wà ní Èkó, àhesọ kan tàn ká Nàìjíríà láàrin òru kan nípasẹ̀ fóònù, pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ó sì mu ún, kí àrùn má baà ràn án. Ẹni tí ó fi wẹ̀ kò rí láburú. Ti ẹni tí ó mu ún yàtọ̀. Bí ènìyàn bá yọ́ ṣíbí ńlá kan iyọ̀, tó bíi gíráàmù 18, sínú ife omi tí ó jẹ́ 25 cl, ìki rẹ̀ yóò jẹ́ gíráàmù 72 nínú lítà kan, ìlọ́po méjì ti omi òkun. Sódíọ̀mù rẹ̀ yóò lé ní mìlímóòlù 1200 nínú lítà kan, ó fi ìlọ́po mẹ́jọ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò pa òùngbẹ. Ó ń fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ara ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Bẹ́ẹ̀, iyọ̀ àti omi kan náà yìí, bí ìki wọn bá tọ́, ń gba ẹ̀mí là. Nígbà ogun Bangladẹ́ṣì ní ọdún 1971, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní ilẹ̀ Índíà. Omi ìfàsára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis wá ní kí a po gíráàmù 22 glúkóòsì, gíráàmù 3.5 iyọ̀ àti gíráàmù 2.5 sódà tí a fi ń ṣe kéèkì sínú lítà omi kan, kí àwọn aláìsàn máa mu ún. Ikú tí ó ń pa bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ dín kù sí 3.6. Ohun tí ó mú un ṣiṣẹ́ ni pé glúkóòsì àti sódíọ̀mù jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ ara láti inú ìfun, omi sì ń tẹ̀ lé wọn, kódà nígbà tí àrùn bá ń da ìfun láàmú.

Páálí ORS tí a ń rà ní kẹ́mísìtì lónìí ni àrọ́pò rẹ̀. Láti ọdún 2002, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fọwọ́ sí fún lítà kan ni gíráàmù 2.6 iyọ̀, 13.5 glúkóòsì, 1.5 potasíọ̀mù kilóráìdì àti 2.9 sódíọ̀mù sítíréètì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀: 180 pín 13.5, ó jẹ́ mìlímóòlù 75. Iyọ̀ fúnni ní bíi 44.5 sódíọ̀mù, sítíréètì tí ẹyọ kan rẹ̀ ní sódíọ̀mù mẹ́ta sì fúnni ní bíi 29.5, àpapọ̀ wọn súnmọ́ 75. Glúkóòsì àti sódíọ̀mù dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, sódíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 90. Nígbà tí wọ́n dín in kù, ìgbẹ́ àti èébì àwọn ọmọdé dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

=== Bí a bá ṣi ORS pò ===

Ọ̀pọ̀ páálí ORS jẹ́ fún lítà kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ara páálí ni kí a wò. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì tí ó jẹ́ 50 cl ni lítà kan, bí wọ́n bá kún tó bí a ti kọ ọ́ sí wọn lára. Ká ní ìyá kan da páálí lítà kan sínú ìgò 50 cl. Sódíọ̀mù rẹ̀ ti di 150, ó ti ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì lè dá kún àìsàn ọmọ. Bí ọmọ kò bá tíì mu nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí a da gbogbo rẹ̀ sínú ike ńlá, kí a bu 50 cl omi mímọ́ kún un. Ohun yíyọ́ ibẹ̀ kò lé, kò dín, ìki rẹ̀ yóò sì padà sí 75.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti mu 10 cl ńkọ́? Èrò tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé kí a bu omi kún èyí tí ó kù títí yóò fi pé lítà kan. Kò tọ́. Ohun yíyọ́ tí ó wà nínú 10 cl yẹn ti wọ inú ọmọ lọ. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún páálí náà ni ó kù sínú 40 cl. Bí a bá sọ ọ́ di lítà kan, sódíọ̀mù rẹ̀ yóò jẹ́ 60. Omi 40 cl ni kí a bù kún un, kí ó di 80 cl. Iyekíye tí ó bá kù nínú ìgò, iye kan náà ni omi tí a ó bù sí i. Bí páálí mìíràn bá wà nílé, ó sàn kí a kúkú po òmíràn, nítorí pé ORS tí a ti pò kì í kọjá wákàtí 24 kí a tó dà á nù.

Èyí tí kò ní àtúnṣe ni ìdàkejì rẹ̀, nígbà tí a bá da páálí kan sínú ìgò omi ńlá tí ó jẹ́ lítà 1.5. Sódíọ̀mù rẹ̀ yóò jẹ́ 50, kò sì sí bí a ó ṣe yọ omi tí ó lé jáde. Bí a bá gbé e kaná pé kí omi rẹ̀ fà, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ ìgbà tí ó tó láti sọ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá já páálí kejì tí a bu díẹ̀ sí i, a ti kúrò nínú wíwọ̀n, a ti bọ́ sínú ìméfò. A ó da á nù, a ó sì po òmíràn.